Bí Ẹ̀yìn Bá Ń Ro Yín Tàbí Tí Pajápajá Bá Mú Yín: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Láti Ilé

Bí ẹ bá dé ọjà Ìpàtà nílùú Ìlọrin ní kùtùkùtù, tí ẹ dúró síbi tí wọ́n ti ń já tòmátì tó ti Òkè-Ọya wá, ẹ ó rí ohun tí ojú ẹ̀yìn ń rí. Alábàárù á bẹ̀rẹ̀ láìtẹ orúnkún, á na apá méjèèjì síwájú, á fa apẹ̀rẹ̀ sókè, á sì yíra padà pẹ̀lú ẹrù náà lọ́wọ́ kó tó gbé e rù. Ní Òkèléle, àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ amọ̀ láti àárọ̀. Ahunṣọ jókòó sídìí òfì, ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ń fa òwú, ẹ̀yìn ò kúrò lójú kan. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ní Ìdọ̀fìàn tàbí lápá Òmù-Àrán ti dorí kodò láti ìgbà tí oòrùn ti yọ. Tó bá di alẹ́, gbolóhùn kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: "Ẹ̀yìn ń ro mí." Ẹni tó bá wà nítòsí á sì fèsì lójú ẹsẹ̀ pé, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, wá agbo mu."

Èsì yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Jẹ̀díjẹ̀dí tí àwọn dókítà ń tọ́jú ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ihò ìdí. Ó máa ń yún ni, ó máa ń ta ni, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde. Kì í ṣe òun ló ń mú kí ẹ̀yìn gan lẹ́yìn tí èèyàn gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yìn tó ń ro ní ìdí tirẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì ná ni lówó. Kì í ṣe àìsàn àwa nìkan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní mílíọ̀nù 619 èèyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ní ọdún 2020.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ wo àmì ewu

Kí ẹ tó gbé omi kaná, kí ẹ tó ra oògùn, ẹ bi ara yín léèrè. Ṣé ìtọ̀ ń jò lára yín láìmọ̀, tàbí ìtọ̀ ti há tí kò wá mọ́? Ṣé ìgbẹ́ ń yọ láìmọ̀? Ṣé abẹ́ àti ìdí, ibi tó máa ń kan gàárì bí èèyàn bá gun ẹṣin, ti kú tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ bí ẹ bá fẹ́ dìde? Bí ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "tó bá di ọ̀la". Nǹkan ti ń tẹ àwọn iṣan ìmọ̀lára tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá nìyẹn. Bí wọn ò bá tètè tú u sílẹ̀, ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀ lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, bíi UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Osè lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ fún àwa tí a wà ní Ìlọrin. Ẹni tó wà ní Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Àrán-Ọ̀rin, kó wá ọkọ̀ lóru náà.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kò ní kí ẹ sáré lóru, ṣùgbọ́n tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó rí dókítà. Bí ìrora náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣubú lórí ọ̀kadà tàbí láti orí igi, pàápàá bí ẹ bá ti dàgbà. Bí ara bá ń gbóná. Bí ẹ bá ń rù láìjẹ́ pé ẹ dín oúnjẹ kù. Bí ìrora náà bá ń jí yín lóru, tí kò sí bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀ tó rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ rí. Bí ẹ bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí òógùn ń bò yín lóru: ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú eegun ẹ̀yìn, ó sì lè jẹ eegun náà títí tí yóò fi yọ gegele síta. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n agbo kì í wò ó. Bí ìrora bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ ìhà, tí ara ń gbóná, tí ìtọ̀ sì ń ta yín, kíndìnrín ni kí ẹ fura sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn gidigidi, kó lọ síbi tí wọ́n ti mọ ìtàn àìsàn rẹ̀. Àmọ́ aláboyún tó rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí omi ń dà lára rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, ibi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún ni kó kọrí sí lójú ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀yìn tàbí ìbàdí kò jẹ́ kó sùn, tó sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tí ìtọ̀ náà ń kán tótó, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé ọjọ́ orí ni. Jẹjẹrẹ prostate, ìyẹn ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, máa ń sá wọ eegun ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ríro sì lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹni náà kéde fún ará ilé. Àwọn bàbá kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ lójú ọmọ. Ẹ fi ọgbọ́n bi wọ́n, kí ọmọkùnrin wọn tàbí ọ̀rẹ́ wọn bá wọn lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ PSA ni dókítà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí ìkankan nínú gbogbo èyí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìrora yín wà lára èyí tó pọ̀ jù, èyí tó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà bí èèyàn bá ṣe ohun tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú ìrora tí ẹ ní

Eegun márùn-ún ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, láti abẹ́ ìhà dé ìdí. Ohun rírọ̀ kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Iṣan ara yí wọn ká níwájú àti lẹ́yìn, àwọn iṣan ìmọ̀lára sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn jáde lọ sí ẹsẹ̀.

Bí ìrora bá dúró sí ẹ̀yìn nìkan, tó le láàárọ̀, tó ń yí padà bí ẹ bá ṣe ń yíra, iṣan àti oríkèé ni. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Bí ó bá ti ìdí lọ sí itan, tó kọjá orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń jó yín bí iná, tó sì ń ṣe yín wínniwínni, iṣan ìmọ̀lára kan ni nǹkan ń fún. Èyí máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ òun náà máa ń rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn láìsí iṣẹ́ abẹ. Àwọn àgbàlagbà ní irú kẹta: bí wọ́n bá dìde tí wọ́n rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á wúwo, á máa dùn, bí wọ́n bá jókòó tàbí tí wọ́n tẹ̀ síwájú lé ọ̀pá, á fúyẹ́. Ihò tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti ń há sí i lára wọn.

Ẹ má sáré lọ ya fọ́tò eegun (X-ray). Bí wọ́n bá ya ẹ̀yìn àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ̀yìn ò sì dùn rárá, wọ́n á rí eegun tó ti ń gbó lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ó san owó, wọ́n á sọ fún yín pé eegun ẹ̀yìn yín ti ń jẹ, ìbẹ̀rù á sì mú kí ẹ máa ṣọ́ ara yín rìn, ìyẹn gan-an á sì mú kí ẹ̀yìn túbọ̀ gan. Àmì ewu ni kó mú yín ya fọ́tò, tàbí kí dókítà ní kí ẹ ya á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́

Ohun tó ṣòro jù láti gbà fún àwọn èèyàn wa nìyí: ẹ má dùbúlẹ̀ tì í. Tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń ní kí èèyàn sùn sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi sílẹ̀, torí wọ́n rí i pé ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ máa ń yá ju ẹni tó dùbúlẹ̀. Bí ó bá le púpọ̀, ẹ lè sinmi fún wákàtí díẹ̀, ó pẹ́ tán ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, ẹ rìn yí àgbàlá ká fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sinmi, ẹ tún rìn. Bí ó bá ń dùn yín díẹ̀ bí ẹ ti ń rìn, kò túmọ̀ sí pé nǹkan ń já nínú ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn, ẹ má gbé àyà sókè tààrà. Ẹ kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká orúnkún, ẹ sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ké lórí ibùsùn láàárọ̀ ni èyí nìkan máa ń gbà lọ́wọ́ igbe.

Fún oorun, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ìrọ̀rí kan wà láàárín orúnkún méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ìrọ̀rí náà wà lábẹ́ orúnkún. Fóòmù tó ti jìn láàárín kò dáa, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ẹ bá sùn sórí sìmẹ́ńtì lásán. Fóòmù tó le díẹ̀, tí kò le jù, ló dáa.

Omi gbígbóná ni ìtọ́jú tó rọrùn jù. Ẹ rẹ aṣọ ìnura sínú omi tó gbóná, ẹ fún un, kí ẹlòmíràn fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ wò ó kó tó gbé e lé yín, kí ó má bàa jó yín. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó ṣọ́ra púpọ̀, torí awọ ara rẹ̀ lè má mọ iná. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òrí tàbí àdín ra ẹ̀yìn náà jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Róòbù àti Aboniki náà kò burú; ooru wọn máa ń dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n pa ojú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná tọ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ní kí ọmọdé gun ẹ̀yìn àgbà, kó máa tẹ̀ ẹ́. Fún ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ oko kàn rẹ̀ lásán, tí ọmọ náà sì kéré, ó lè tù ú lára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é fún ìyá àgbà, fún aláboyún, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú tàbí ẹni tí ìrora ń lọ sí ẹsẹ̀. Eegun àwọn ìyá tó ti kúrò ní nǹkan oṣù máa ń fúyẹ́, ìwọ̀n ọmọ kékeré sì tó láti fọ́ ọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí ìbàdí yín. Abẹ kan náà tó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn ń gbé kòkòrò HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ kiri.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìdárayá

Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ bí ìrora bá ti rọ̀ díẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ ó rí i pé àlàfo kékeré kan wà láàárín ìbàdí yín àti ẹní, tí ọwọ́ lè wọ̀. Ẹ fa ikùn wọlé, ẹ tẹ ìbàdí mọ́lẹ̀ títí àlàfo náà yóò fi dí, ẹ ka márùn-ún, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má di èémí mú.

Ní ipò kan náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa orúnkún kan wá sí àyà, ẹ mú un síbẹ̀ kí ẹ ka mẹ́wàá, kí ẹ dá a padà, kí ẹ fa èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí àyà, ìbàdí àti orúnkún yóò fi wà lójú ìlà kan, ẹ ka márùn-ún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Eléyìí ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn tó ń kọ ebè, nítorí pé iṣan ìdí ló yẹ kó máa gbé iṣẹ́ bíbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló ti jẹ́ kó dọ̀lẹ, tí gbogbo ẹrù fi wá bọ́ sórí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn.

Ẹ wá dìde lé ọwọ́ àti orúnkún. Ẹ gbé ẹ̀yìn sókè kó ta kókó kí orí sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún jẹ́ kó wálẹ̀ kí orí gbé sókè. Jẹ́jẹ́ ni.

Fún ẹni tí ìrora rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sábẹ́ àyà, ẹ gbé àyà sókè nígbà tí ìdí ṣì wà nílẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ìrora bá kúrò ní ẹsẹ̀ tó ń padà sí ẹ̀yìn, ohun tó dáa ni, kódà bí ẹ̀yìn bá dùn díẹ̀ sí i. Ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ sí i, ẹ fi eléyìí sílẹ̀ kí ẹ rí onímọ̀ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun ní ilé ìwòsàn.

Rírìn ni ìparí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa fi kún un títí tí yóò fi di ọgbọ̀n, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ló dáa jù ní Ìlọrin, kí oòrùn tó mú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tún ọ̀nà iṣẹ́ ṣe

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù nílẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ la ẹsẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ̀yìn wà bó ṣe wà, kí ẹ fa ẹrù mọ́ àyà, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ gbé ara sókè. Bí ẹ bá fẹ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí. Ẹ má ló ìbàdí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́. Alábàárù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àkókò tó ń yíra padà yẹn gan-an ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń já. Bí ẹrù bá jẹ́ ti orí, kí ẹni méjì gbé e ru ẹni kan.

Ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ wo ibi tí ẹ jókòó. Bí orúnkún bá ga ju ìdí lọ, ẹ fi tìmùtìmù tàbí aṣọ tí ẹ ká gbé ìjókòó ga. Ẹ tẹ́ nǹkan sí ẹ̀yìn ìbàdí. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti kọjá, ẹ dìde, ẹ na apá sókè, ẹ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọ̀gá kan á rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dá níṣẹ́ kò lè parí aṣọ. Ìmọ̀ràn kan náà ló wà fún awakọ̀ tó ń lọ láti Géérì Àlímì sí Ọ̀fà, àti ọmọ iléèwé tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Tánkè.

Àgbẹ̀, ẹ má fi odindi ọjọ́ kọ ebè. Ẹ kọ ọ́ fún wákàtí kan, ẹ bọ́ sí iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe lóòró, ẹ padà. Kí ọkọ́ ní ìdí tó gùn tó kí ẹ má bàa tẹ̀ délẹ̀. Nínú ilé, ẹ so igi mọ́ ìgbálẹ̀. Ìyá tó ń gbá àgbàlá láràárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kúkúrú ń bẹ̀rẹ̀ ju àgbẹ̀ lọ. Ẹni tó ń pọn ọmọ, kí ọmọ ga sí àárín ẹ̀yìn, kí ọ̀já fún dáadáa, kó má rọ̀ sórí ìdí.

Bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà láti fi di ìbàdí, ìlànà tí WHO gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 kò fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn tó ti ń dùn ni pẹ́.

Ẹ̀yìn ríro àti ìrun

Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń bá rùkúù, ìyẹn bíbẹ̀rẹ̀ nínú ìrun, jà títí omi á fi bọ́ lójú wọn, torí wọ́n rò pé ìjókòó kirun jẹ́ àìbìkítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Imran ọmọ Husain, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì Muhammad, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú, béèrè lọ́wọ́ Ànábì, èsì tó sì gbà ni pé kó kirun lóòró, bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó, bí kò bá lè ṣe ìyẹn náà, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ gbé àga. Tí ẹ bá ń lọ sílẹ̀ fún ìforíkanlẹ̀, orúnkún ni kó kọ́kọ́ tẹ̀, kí ọwọ́ ran ara lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń dìde, ẹ fọwọ́ ti itan. Ẹni tí ara rẹ̀ gbà á, ìforíkanlẹ̀ tó pẹ́ díẹ̀ máa ń na iṣan ẹ̀yìn dáadáa.

Pajápajá

Lálẹ́ Ramadan kan, ní mọ́sáláṣí kan l'Ágbo-Ọba, ọ̀dọ́kùnrin kan ń dìde láti ìforíkanlẹ̀ ìrun táráwíhì nígbà tó bú sígbe. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ti ká jọ, ó le bí òkúta, ẹ ń rí i lábẹ́ awọ bó ti ń sún. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbá ẹsẹ̀ náà, òmíràn ń fa àtàǹpàkò. Bàbá kan wá ti gbogbo wọn sẹ́yìn. Ó na orúnkún ọmọ náà tán gbọnrangandan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì ti gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ náà sọ́nà ojúgun, ó dì í mú síbẹ̀ láìjá a. Kó tó ka ọgbọ̀n, iṣan náà ti tú.

Ohun tí bàbá yẹn ṣe ni ìtọ́jú pajápajá ní àkókò tó bá mú ni. Bí ẹ bá dá wà lórí ibùsùn, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ fi aṣọ ìnura kọ́ ìka ẹsẹ̀, ẹ fà á sọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá lè dìde, ẹ dúró lé ẹsẹ̀ náà kí gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí itan lẹ́yìn ló mú, ẹ na orúnkún kí ẹ tẹ̀ síwájú. Bí itan níwájú ni, ẹ fa gìgísẹ̀ wá sí ìdí. Bó bá ti tú, ẹ ra á jẹ́jẹ́, ẹ fi omi gbígbóná tọ́ ọ. Ibẹ̀ lè máa dùn yín títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Iṣan tó ti rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Òógùn tó gba omi àti iyọ̀ lára, pàápàá lóṣù tí oòrùn Ìlọrin bá mú jù kí òjò tó dé. Oyún tó ti lé ní ìdajì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, àti irú oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, a kì í rí ìdí kankan. Bí ẹ bá fura sí oògùn tí ẹ ń lò, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró.

Láti dènà rẹ̀, ẹ dojú kọ ògiri kí ẹ tó sùn, ní ìwọ̀n gígùn apá kan sí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn ojúgun yóò fi máa fà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí ogún, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ ìbora tó wúwo máa tẹ ìka ẹsẹ̀ wálẹ̀ lóru.

Nínú ààwẹ̀, láti ìṣínu dé sààrì ni kí ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan ní sààrì, ìtọ̀ ni ẹ ó fi gbé e jáde. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú oòrùn tí òógùn ti bò ó lè po lítà omi mímọ́ kan pọ̀ mọ́ ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti onítọ̀ ṣúgà kó béèrè kó tó mu ún. Àwọn ará Ọ̀fà kò jìnnà sí oúnjẹ tó dáa fún iṣan: ànàmọ́ ní èròjà tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti omi àgbọn. Wàrà ní tirẹ̀ ní èròjà tó ń mú eegun le. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn kò gbọ́dọ̀ jẹ wọ́n ní àjẹjù láìbéèrè.

Ẹ má lo kìnínì (quinine) fún pajápajá. Wọ́n ń lò ó fún un nígbà kan, ṣùgbọ́n ó lè da ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rú.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tí ìrora náà kò sì lọ bí ẹ bá na ẹsẹ̀, kì í ṣe pajápajá: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀, ó sì lè bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá sì ń mú yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rìn dé ibì kan, tó ń tú bí ẹ bá dúró, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ẹsẹ̀ wò, pàápàá bí ẹ bá ń mu sìgá tàbí ní ìtọ̀ ṣúgà.

Nípa oògùn àti agbo

Parasítámọ́ọ̀lù oníwọ̀n 500 mg, àgbàlagbà lè lo méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mẹ́jọ lọ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Agbára rẹ̀ lórí ẹ̀yìn kò pọ̀. Ibuprofen lágbára jù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ni, fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò rọlẹ̀, ikọ́ fée tàbí oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Diclofenac wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni oògùn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré ní ibùdókọ̀ Maraba tàbí nínú ọkọ̀ tó ń lọ: àwọ̀ mẹ́rin, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ẹni tó bá lò ó á sọ fún yín pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ní dexamethasone tàbí prednisolone nínú, tó ń pa ìrora mọ́lẹ̀ tó sì ń mú kí ojú wú, kí ṣúgà gòkè, kí eegun máa gbó lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lò ó pẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ gbé e lọ han dókítà. Tramadol náà ń di bárakú. Agbo ọpá ẹ̀yìn tí wọ́n rẹ sínú ọtí, ọtí inú rẹ̀ ló ń mú kí ara fúyẹ́ lálẹ́ yẹn. Bí ẹ bá ń mu agbo, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà láìtijú, torí àwọn kan ń bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jà.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí ẹ̀yìn kò fúyẹ́, ẹ béèrè fún ẹ̀ka físíò ní ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ sínú ìwé: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nígbà náà, ibi tí ìrora dé ní ẹsẹ̀, ohun tó ń mú un le àti ohun tó ń mú un rọ̀, gbogbo oògùn àti agbo tí ẹ ti lò. Ẹ wọ aṣọ tó rọrùn láti ká sókè. Ìyá tó bá fẹ́ obìnrin kó yẹ òun wò lè béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba káàdì.